Mo Bẹ Kúbúrátù Kó Jẹ́wọ́ Ohun Tí Èmi Ṣe

Ẹ̀yin òǹkàwé, obìnrin tí mo fẹ́ fi ṣe aya lọ́jọ́ alẹ́ mi ni mo bà lórúkọ jẹ́. N kò lù ú, n kò bú u, n kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn jókòó tì í, mo sọ ọ̀rọ̀ tútù sí i létí, ó sì gbà mí gbọ́.

Làtíì ni orúkọ mi. Ọmọ Ìwó ni mí, ṣùgbọ́n Maiduguri ni mo ti gbó. Ẹ̀fọ́ àti tòmáàtì ni mo ń gbìn létí odò Ngadda, nínú irú oko olómi tí àwọn Haúsá ń pè ní lambu. Àgbékẹ́ ìyàwó mi ti kú tipẹ́. Jàáfárù ọmọ wa sá lọ sí Ìbàdàn nígbà tí ìbọn ń dún ní ìlú, kò sì padà wá mọ́. Ó ní kí n máa bọ̀. Mo ní n kò lọ. Orí mi le, ẹ má tíì bínú sí mi nítorí ìyẹn, nítorí ohun tí ẹ máa bínú sí ń bọ̀ níwájú.

Àwa tí a ń dáko níbẹ̀ jọ ń lo omi kan ni. Ẹ̀rọ ń fa omi láti inú odò sínú poro gígùn kan. Oko mi ni poro náà kọ́kọ́ kàn. Bí mo bá ti bomi rin oko mi tán, èmi ni mo máa ṣí ọ̀nà fún Kúbúrátù tó tẹ̀ lé mi. Ti Jímọ́ọ̀ ló tẹ̀ lé ti Kúbúrátù, bẹ́ẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ Ṣéhù, ọmọ Kànúrí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Òfin kan wà láàárín wa, ó ti wà kí ìjọba tó mọ̀ wá rárá: a kì í fọ nǹkan kan nínú poro yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fọ ọwọ́ lásán, á bu omi kúrò níbẹ̀, á lọ dà á sórí iyanrìn lọ́nà jíjìn. Ẹni tó wà lókè ló sì gbọ́dọ̀ pa òfin náà mọ́ jù, nítorí kò sí ẹni tó lè ṣọ́ ọ láti ìsàlẹ̀.

Kúbúrátù, ìyá Lará, ìlú yìí ni wọ́n bí i sí. Bó bá ń sọ Yorùbá, Haúsá á máa yọ sí i lẹ́nu. Ẹ̀wà tí oníṣòwò kan fi oògùn kòkòrò olóró tọ́jú ni ọkọ rẹ̀ jẹ tó fi kú, nígbà tí Lará ṣì wà ní kékeré. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí Kúbúrátù kórìíra tó oògùn kòkòrò. Bó bá rí ìgò rẹ̀ lójú ọ̀nà, á yà fún un bí ẹni rí ejò.

Nígbà tí ìjọba gbé ètò kan dé pé àwọn yóò máa fún àgbẹ̀ tí kò bá lo ajílẹ̀ òyìnbó àti oògùn kòkòrò ní owó ìrànwọ́, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Èmi ni mo kọ̀.

Mo ní, “Ìjọba wo? Àwọn tí kò lè tún afárá ṣe? Ta ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń gbin tòmáàtì?”

Kúbúrátù rẹ́rìn-ín. “Haba, Bàbá Jàáfárù! Ẹ gbé orí líle yín yìí sílẹ̀ díẹ̀ kó sinmi. Ìgbẹ́ màlúù pọ̀. Igi dóńgóyárò kún gbogbo ìlú. Kí la máa pàdánù?”

Jímọ́ọ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní, “Ẹ fi Bàbá sílẹ̀. Wọ́n máa gbà. Kì í sì í ṣe nítorí ìjọba ni wọ́n máa fi gbà o. Gbogbo wa la mọ ẹni tí wọ́n máa tìtorí rẹ̀ gbà.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Kúbúrátù fi gèlè bojú. Mo sì gbà lóòótọ́.

Wọ́n fi mí ṣe olórí ẹgbẹ́ nítorí ọjọ́ orí mi. Dókítà Oyèbámijí, olùkọ́ kan láti yunifásítì, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ni wọ́n ní kó máa yẹ irè oko wa wò. Ó jókòó lábẹ́ igi pẹ̀lú wa, ó ṣàlàyé fún wa ní Yorùbá àti Haúsá.

Ó ní, “Bí a bá rí oògùn nínú irè oko ẹnì kan, ẹni náà á jáde nínú ètò. Àmọ́ bí a bá rí i tí kò sì sí ẹni tó jẹ́wọ́ pé òun ló lò ó, ẹgbẹ́ lápapọ̀ ni kò ní rí owó gbà. Ẹ máa ṣọ́ ara yín.”

Ṣéhù ní, “Àwa kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣọ́ wa. Omi kan náà là ń mu.”

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni èmi àti Kúbúrátù fẹnu kò pé a máa fẹ́ ara wa lẹ́yìn ìkórè. Lará ọmọ rẹ̀ ti wà nílé ọkọ ní Shehuri, ó ti bí ọmọkùnrin kan, Bísíríyù. Òun fúnra rẹ̀ wá bá mi, ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi tọ́jú màmá mi o. Ẹ má jẹ́ kó máa dá jẹun mọ́.” Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yàrá kan mọ́ èyí tí mo ń gbé ní Yerwa. Ògiri ti dúró. Tòmáàtì ni mo gbójú lé tí yóò fi òrùlé lé e lórí.

Ibẹ̀ ni kòkòrò ti wọlé.

Àfòpíná kékeré kan ni, kò ju èékánná lọ. Ó ń yé sẹ́yìn ewé, ọmọ rẹ̀ á wọ inú ewé, á jẹ ẹ́ láti inú, á wá gbẹ́ wọ inú èso. Ní òwúrọ̀, mo rí ewé tó funfun bí ẹni pé wọ́n fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó ti pọ̀ sí i.

Kúbúrátù gún èso dóńgóyárò, ó fún un, ó da ọṣẹ díẹ̀ sí i, ó gbé e wá fún mi nínú kèǹgbè.

“Ẹ fọ́n ọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ fi sùúrù ṣe é, Bàbá Jàáfárù. Kì í yá, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.”

Mo dà á sínú ẹ̀rọ ìfọ́n-omi tí mo máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, mo fọ́n ọn. Ní tòótọ́, ọwọ́ kòkòrò náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ṣùgbọ́n ojú mi kò gbà á. Mo ń wo ògiri tí kò lórùlé. Mo ń sọ fún ara mi pé èmi tí mo ti ń dáko kí wọ́n tó bí Dókítà, ṣé omi ewé ni n óò máa fi bẹ kòkòrò?

Mo lọ sí ọjà Monday. Ọmọkùnrin kan tó ń ta oògùn oko gbé ìgò kékeré kan fún mi. “Sau ɗaya kawai, Baba,” ó ní, ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó.

Mo bi í bóyá ó ń rùn.

“Ẹ fọ ẹ̀rọ yín dáadáa lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fọ́n ọn tán, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

Mo ti dàgbà kí n tó fúnra mi kọ́ ìwé kíkà, nítorí náà n kò lè sọ fún yín pé n kò mọ ohun tó wà lára ìgò náà. Wọ́n tilẹ̀ ya ẹja sí i, wọ́n fa ìlà pupa kọjá lórí rẹ̀. Ẹni tí kò lọ ilé ẹ̀kọ́ rí pàápàá á mọ ohun tí ìyẹn wí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí gbogbo wọn ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, èmi nìkan ni mo kù lóko. N kò lọ kírun. Ẹ̀rọ kan náà tí mo fi ń fọ́n omi dóńgóyárò ni mo da oògùn náà sí. Mo fọ́n gbogbo tòmáàtì mi, ebè kan kò ṣẹ́kù.

Ó wá ku bí n óò ṣe fọ ẹ̀rọ. Dókítà máa ń ṣí ẹ̀rọ wa wò, á gbóòórùn rẹ̀. Omi inú ike tí mo gbé wá kò tó. Poro sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, omi kún un dẹ́nu, ó ń ṣàn.

Mo tẹ ẹ̀rọ náà bọ inú rẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ títí tí kò fi rùn mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ohun tí mo máa ń ṣe lójoojúmọ́: mo ṣí ọ̀nà omi fún Kúbúrátù, kó lè bá oko rẹ̀ ní tútù nígbà tó bá dé. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí i bí mo bá bá a ṣe bẹ́ẹ̀. Inú oko rẹ̀ ni omi náà dúró sí, nítorí òun ló máa ń ṣí ọ̀nà fún Jímọ́ọ̀.

Ó dé nírọ̀lẹ́, ó ké sí mi.

“Bàbá Jàáfárù! Ẹ wá wo nǹkan.”

Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ló léfòó lójú omi láàárín ebè tẹ̀tẹ̀ rẹ̀, ikùn wọn sókè. Wọ́n pọ̀.

“Kí ló pa wọ́n?”

Mo ní, “Ooru ni.”

“Ooru? Nínú omi?”

“Ooru ọdún yìí kò dára. Kó wọn dànù.”

Ó wò mí díẹ̀, ó wo òkè, ó ní, “To, ó dáa.” Ó fi ọkọ́ kó wọn, ó gbẹ́lẹ̀ sin wọ́n. Kó tó sin wọ́n, ó ti pe Jímọ́ọ̀ kó wá wò wọ́n pẹ̀lú. Jímọ́ọ̀ ní bóyá wọ́n jà ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sí i ni àwọn Dókítà wá mú irè oko. Tòmáàtì mi kò tíì pọ́n, wọn kò mú un. Wọ́n mú àlùbọ́sà Jímọ́ọ̀ àti tẹ̀tẹ̀ Kúbúrátù. Kúbúrátù fúnra rẹ̀ ló já èyí tó dára jù fún wọn. Ó ní kí wọ́n mú púpọ̀, kí wọ́n lọ sè é lẹ́yìn tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tán.

Nígbà tí Dókítà padà wá, kò jókòó.

Ó ní, “Àlùbọ́sà mọ́. Oògùn wà nínú tẹ̀tẹ̀.”

Kúbúrátù kò kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Ó ń wo ojú Dókítà bí ẹni ń dúró de ìyókù ọ̀rọ̀.

“Tẹ̀tẹ̀ ta ni?”

“Tiyín, ìyá.”

“Wallahi, kì í ṣe èmi! Èmi? Èmi Kúbúrátù?” Ó yí sí Jímọ́ọ̀. “O rí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ yẹn. Mo pè ọ́ kí o wá wò wọ́n!”

Jímọ́ọ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, “Mo rí wọn. Inú oko yín ni wọ́n kú sí, Ìyá Lará. Wọn kò kú sínú tèmi.”

Ohun tó rò pé yóò gbà á ló tún kó bá a. Ó wá yí sí mi.

“Bàbá Jàáfárù, ẹ sọ fún wọn.”

Gbogbo ojú wà lára mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, àyè wà. Kò sí ẹni tó di ẹnu mi mú. Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀ ná.”

Mo lọ bá a nílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn Baga Road. Kò tíì jẹun. Ó bu omi fún mi, ó jókòó sórí àpótí níwájú mi.

Mo ní, “Bí kò bá sí ẹni tó jẹ́wọ́, gbogbo wa ni kò ní rí owó yẹn gbà.”

“Mo mọ̀.”

“Ṣéhù fẹ́ fi tirẹ̀ san owó ilé. Jímọ́ọ̀ ní ẹnu púpọ̀ tó ń bọ́.”

“Mo mọ̀, Bàbá Jàáfárù. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?”

“Sọ pé ìwọ ni.”

Ó fa àpótí rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn aláàárù tó ń já ẹja sílẹ̀ lójú títì.

“Kí n sọ pé mo ṣe ohun tí n kò ṣe?”

“Èmi ni olórí wọn. Bí o bá ti jẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ á rọlẹ̀. Wọ́n á ní kí o dúró sílé fún ẹ̀ẹ̀rùn kan, n óò bá ọ bẹ̀ wọ́n. Nígbà yẹn, o ti wà nílé mi. Ta ni yóò rántí?”

Ó wá béèrè ohun kan tí n kò retí.

“Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin gbà pé mo lè ṣe é?”

Mo ní, “Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ.”

Ojú rẹ̀ tú ká. Omi jáde níbẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn tù ú nínú. Ó rò pé ìgbẹ́kẹ̀lé ló wà lẹ́nu mi.

“To,” ó ní. “Bí ẹ bá ti mọ̀, ó tó mi.”

Ó jẹ́wọ́ lábẹ́ igi, níwájú gbogbo wa. Kò mọ irọ́ pa. Nígbà tí Ṣéhù bi í ibi tó ti ra oògùn náà, ó ní òun kò rántí. Nígbà tó bi í pé irú oògùn wo ni, ó ní oògùn ni ṣá.

Ṣéhù mi orí. “Kai, Ìyá Lará. Ìwọ tí oògùn pa ọkọ rẹ?”

Jímọ́ọ̀ tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Wọn kò sọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kan. Wọ́n ní kó máa lọ pátápátá. Mo gbìyànjú, mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, kí wọ́n wo ti ọjọ́ pípẹ́. Jímọ́ọ̀ ní, “Bàbá, ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ ni ẹ ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni mo da májèlé sínú oúnjẹ àwọn èèyàn, ṣé ẹ máa bẹ̀bẹ̀ fún mi?”

Mo dìde kúrò lábẹ́ igi.

Mo tẹ̀ lé Kúbúrátù délé. Lará ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́. Kúbúrátù jókòó, ó gba Bísíríyù lórí ẹsẹ̀ Lará bó ṣe máa ń ṣe, ó gbé e lé itan ara rẹ̀.

Lará ní, “Mama, da gaske ne?” Ó ń béèrè bóyá òótọ́ ni.

Kúbúrátù wò mí. Ó ń retí kí n sọ nǹkan kan. Mo ń wo bàtà mi.

Ó ní, “Òótọ́ ni.”

“Ẹ̀fọ́ tí ẹ ń fún mi kí n máa sè fún ọmọ yìí? Èyí tí ẹ ń fọwọ́ ara yín já fún mi?”

Lará dìde, ó na ọwọ́, ó gba ọmọ rẹ̀ kúrò lórí itan ìyá rẹ̀. Ọmọ náà ń sunkún, ó ń na ọwọ́ sí ìyá-ìyá rẹ̀. Lará gbé e kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìwẹ̀yìn.

Láti ọjọ́ náà, kò gbé e wá mọ́.

Owó ìrànwọ́ dé. Mo fi kan òrùlé yàrá. Kúbúrátù ní kí a dá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dúró ná. “N kò fẹ́ fi orúkọ báyìí wọ ilé yín, Bàbá Jàáfárù. Ẹ jẹ́ kí ara tu Lará.” Ó lọ ń la ẹja, ó ń bá obìnrin kan tà á, ní Baga Road. Ní ti oko rẹ̀, ìṣe wa ni pé kí ẹni tó wà lókè máa ro ó, kí koríko má bàa tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kórè lórí ilẹ̀ obìnrin yẹn.

Nígbà mìíràn, mo máa ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Á mú èyí tó tóbi fún mi. Á bi mí pé, “Ẹ ti rí Lará?” Màá ní rárá.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, kòkòrò náà padà wá, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tòmáàtì gbogbo ẹgbẹ́ ń gbẹ. Mo ti sọ fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Mo tún ra ìgò mìíràn. Mo tún dúró de ọjọ́ Ẹtì. Mo rò pé mo ti gbọ́n sí i: mo fi ẹrẹ̀ dí poro ní ìparí oko Kúbúrátù, kí omi tí mo fọ ẹ̀rọ sí má lè kọjá dé ọ̀dọ̀ Jímọ́ọ̀. Ilẹ̀ tí mò ń ro ni, mo ní kó mu ún.

N kò mọ̀ pé Jímọ́ọ̀ yóò ti mọ́ṣáláṣí wá tààrà. Ó bá poro rẹ̀ ní gbígbẹ. Ó rò pé ẹrẹ̀ ló ya dí i, ó fi ọkọ́ la á, omi sì ya bá a.

Nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi, ó ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú agbada tí a fi ń ru ẹrẹ̀. Ṣéhù wà lẹ́yìn rẹ̀. Jímọ́ọ̀ sọ agbada náà kalẹ̀ níwájú mi. Ọ̀pọ̀lọ́ ló kún inú rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, Ìyá Lará kò sí níbí mọ́. Ta ló pa ìwọ̀nyí?”

Mo ní, “Ooru...”

“Bàbá.”

Ṣéhù ti wọ àárín tòmáàtì mi. Ó yí ewé kan, ó yí òmíràn. “Tiwa ti jóná tán. Tiyín tutù yọ̀yọ̀.” Ó gbé ìka sí imú, ó yíjú kúrò.

Inú bí mi. Mo pariwo. Mo ní ọmọdé ni wọ́n, mo ní èmi ni mo gbà wọ́n síbẹ̀, mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ oko mi láìgbàṣẹ.

Jímọ́ọ̀ dúró kí n pariwo tán. Ó wá rọra sọ pé, “Ẹ búra. Ẹ kàn sọ pé wallahi kì í ṣe èmi. Obìnrin yẹn sọ ọ́ níwájú wa, a kò gbà á gbọ́. Ẹ sọ ọ́, Bàbá. Mo ṣèlérí, tiyín ni n óò gbà gbọ́.”

Mo la ẹnu. Mo gbé ọwọ́ sókè láti búra, mo tún sọ ọ́ kalẹ̀.

Jímọ́ọ̀ aláwàdà jókòó sórí ebè mi, ó fi ọwọ́ bo ojú. “Mo tutọ́ níwájú rẹ̀,” ó ní. “Yéè, mo tutọ́ níwájú rẹ̀.”

Mo jẹ́wọ́ fún Dókítà. Wọ́n yọ mí kúrò. Ìyẹn kò dùn mí tó bí mo ṣe rò.

Mo lọ sí Baga Road. Kúbúrátù wà lórí ìjókòó, ó ń la ikùn ẹja, ìpẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ọn lápá. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó rí mi. Ó ní, “Sannu da zuwa, ẹ káàbọ̀. Ẹja ti òní tutù.”

Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró: ìgò, ọjọ́ Ẹtì, poro, ọ̀pọ̀lọ́. Kò dá mi dúró. Ó ń la ẹja lọ. Nígbà tí mo parí, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Ọjọ́ tí ẹ wá sílé mi,” ó ní, “tí ẹ sọ pé ẹ mọ̀ pé kì í ṣe èmi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń sùn. Gbogbo àkókò yìí. Bí wọ́n bá ń nàka sí mi lójú títì, màá ní ẹnì kan ṣì wà láyé tó mọ irú ẹni tí mo jẹ́.” Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Òun nìkan ni mo ní, Bàbá Jàáfárù. Ẹ ti gba ìyẹn náà.”

Mo kúnlẹ̀ nínú omi ẹja, èmi arúgbó. Àwọn èèyàn ń wò wá.

“Ẹ dìde,” ó ní. “Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa wò mí. Èmi mọ̀ pé n kò ṣe é, kò sí ohun tí ẹ lè sọ fún mi. Ọmọ mi ni kò mọ̀. Ẹ lọ sọ fún Lará.”

“Kí n sì padà wá?”

Ó gbé ẹja mìíràn. “Ẹ má padà wá.”

Láti Baga Road dé Shehuri, mo fi ẹsẹ̀ rìn. Kẹ̀kẹ́ Napep dúró fún mi, n kò wọ̀ ọ́. Lará wà nínú ọgbà ilé, ó ń sá aṣọ. Bísíríyù ti ń rìn. Ó ń fa aṣọ tútù lórí iyanrìn.

“Ẹ káàsán, Bàbá,” Lará ní. Kò ní kí n jókòó.

Mo sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kò lo oògùn rí. Mo sọ pé èmi ni.

Ó dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Omi ń kán láti ara aṣọ náà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Mo bi í lójú yín. Ó ní òótọ́ ni.”

“Èmi ni mo ní kó sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ ní kó sọ pé òun fi májèlé bọ́ ọmọ mi?”

“N kò rò ó dé ibẹ̀.”

“Ẹ sọ fún un, ó sì ṣe é? Láìṣe pé ẹ dẹ́rù bà á? Láìṣe pé ẹ fún un ní nǹkan kan?”

“Mo kàn bẹ̀ ẹ́ ni.”

Lará wò mí lójú. Ìbínú tí mo ti ń retí kò sí lójú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ burú ju ìbínú lọ. Ó dà bí ẹni tó ń rí ìyá rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Ó fẹ́ràn yín tó bẹ́ẹ̀?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò tíì bi ara mi ní ìbéèrè yẹn rí. Mo ti ro ti òrùlé, mo ti ro ti tòmáàtì, mo ti ro bí ìtìjú mi yóò ṣe tó. N kò ro èyí. Bí ẹ bá ní ẹni tó fẹ́ràn yín, ẹ má ṣe bẹ̀ ẹ́ kó bá yín ru ohun tí ẹ mọ̀ pé tiyín ni. Yóò rù ú.

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Lará ju aṣọ sórí okùn láìtẹ́ ẹ. Ó gbé Bísíríyù pọ̀n, ó so ọ̀já lé e, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tó rí lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan tirẹ̀, ọ̀kan ti ọkọ rẹ̀. Ó kọjá lára mi, ó bọ́ sí títì, ó ń sáré lọ sí ọ̀nà Baga Road.